Ta Ni Yóò Ṣáájú Ogun? Ìtàn Ìgbòho àti Ogun Ẹlẹ́dùwẹ̀ ní Òkè-Ògùn

Bí ogun bá dé sí ilẹ̀ kan, tí àwọn akọni sì kóra jọ láti ibi gbogbo wá láti kojú rẹ̀, ìbéèrè kan wà tí ó máa ń le ju ti ohun ìjà lọ: ta ni yóò ṣáájú? Àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń ka ìwé ìtàn alápèjúwe àwòrán tí ó ń ti òkè òkun wá mọ ìbéèrè yìí dáadáa. Nínú ìwé bẹ́ẹ̀, ọ̀tá a rọ́ wọ ìlú. Akọni tí ń fò lójú ọ̀run, èyí tí ń fi ọwọ́ kan ṣoṣo gbé àpáta, àti èyí tí kò ní ju ọgbọ́n orí rẹ̀ lọ, gbogbo wọn a pàdé, wọn a sì kọ́kọ́ bá ara wọn jà kí wọ́n tó rántí pé ọ̀tá wà níta. N kò bá ọmọ kankan wí nítorí pé ó ń ka irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, àti ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, fi sọ́kàn ni pé ilẹ̀ ọ̀dàn tí àwa ń gbé yìí, láti Ìsẹ́yìn títí dé Ṣakí, Ìgbòho àti Kìṣí, ti rí irú ìpàdé akọni bẹ́ẹ̀, ó kéré tán, ní ẹ̀ẹ̀mejì. Nígbà àkọ́kọ́, àwọn olórí kò pọ̀, wọ́n sì wà nínú ìgbèkùn, ṣùgbọ́n ìlú là. Nígbà kejì, àwọn akọni pọ̀ lọ súà, ẹṣin pọ̀, ọba méjì ni ó sì wà lójú ogun. Síbẹ̀ Ọ̀yọ́-Ilé tú, a kò sì tún un kọ́ mọ́ títí di òní.

Kí a tó lọ síwájú, ó yẹ kí a mọ irú ilẹ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀. Òkè-Ògùn ni a ń pe apá ibi tí odò Ògùn ti ń ṣàn wá. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni, koríko ibẹ̀ ga, igi rẹ̀ jìnnà sí ara wọn, àpáta sì pọ̀ níbẹ̀ tí ará ìlú lè sá gùn bí ilẹ̀ bá gbóná. Eṣinṣin tí ń pa ẹṣin nínú igbó dúdú kò pọ̀ níhìn-ín bí i ti ìsàlẹ̀. Ìdí nìyí tí Ọ̀yọ́ fi lè fi ẹṣin jagun, tí ó sì fi ẹṣin jọba lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ẹṣin ẹni gbà jáde náà ni ẹṣin ọ̀tá ń gbà wọlé. Kò sí odi igbó tí ó dí Tápà lọ́nà láti àríwá, bẹ́ẹ̀ ni kò sí èyí tí yóò dí Ìlọrin lọ́nà nígbà tí àkókò rẹ̀ dé.

Ogun àkọ́kọ́ ni ti Tápà. Ìtàn tí Samuel Johnson kọ sílẹ̀ sọ pé ní ayé Aláàfin Onígbogí, ọmọ ogun Ọ̀yọ́ ti lọ sí ibòmíràn láti pa ọ̀tẹ̀ rẹ́ nígbà tí Tápà yọ sí olú ìlú. Àwọn onímọ̀ ìtàn gbà pé ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kẹrìndínlógún ni èyí ṣẹlẹ̀. Ọba sá lọ sí ilẹ̀ Ìbàrìbá, ibẹ̀ ni ó sì kú sí. Àwọn Ìbàrìbá ṣe wọ́n lálejò dáadáa ní ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí àlejò pẹ́, ojú yí padà. Òfinràn ọmọ rẹ̀ kó àwọn ènìyàn rẹ̀ dìde, wọ́n ń bọ̀ wá sílé, ṣùgbọ́n ó kú sí Kùsù. Egúnojú tí ó tẹ̀ lé e ni ó tẹ Ìgbòho dó. Ẹ jẹ́ kí n tẹnu mọ́ ọn fún àwọn tí kò mọ̀: Ìgbòho tí ọkọ̀ èrò ń gbà kọjá lọ sí Kìṣí lónìí yìí ti jẹ́ olú ìlú ilẹ̀ Ọ̀yọ́ rí, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ibẹ̀ ni igbó ọba wà, níbi tí a sin Aláàfin mẹ́rin sí: Òfinràn tí a gbé òkú rẹ̀ dé ibẹ̀, Egúnojú, Ọ̀rọ̀m̀pọ̀tọ̀ àti Àjíbóyèdé. Robert Smith, onímọ̀ ìtàn, wá sí agbègbè yìí láti gbọ́ ìtàn wọn lẹ́nu àwọn àgbà, ó sì gbé àpilẹ̀kọ kan jáde lórí rẹ̀ ní ọdún 1965. Ẹnu àwọn àgbà ni ó ti gbọ́ pé obìnrin ni Ọ̀rọ̀m̀pọ̀tọ̀. Johnson pè é ní ọkùnrin. N kò ní dá ẹjọ́ yẹn níhìn-ín, ṣùgbọ́n mo máa ń kíyè sí i pé àwọn ọmọbìnrin inú kíláàsì a máa jókòó dáadáa bí a bá dé orí rẹ̀.

Ibi tí mo ń lọ gan-an ni ayé Àjíbóyèdé. Lájọmọ, ọba Tápà, gbé ogun wá bá Ìgbòho fúnra rẹ̀. Ogun náà gbóná dé ibi pé gbogbo ọfà ń wá Aláàfin. Ìwẹ̀fà kan wà ní ààfin tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Àjàńlápá, oyè Òsì Ìwẹ̀fà ni ó jẹ. Ó gba aṣọ ọba wọ̀, ó sì jáde sójú ogun bí ẹni pé òun ni Aláàfin. Àwọn Tápà da ọfà bò ó. Ìtàn sọ pé ọfà tí ó gún un pọ̀ débi pé òkú rẹ̀ kò lè wó lulẹ̀. Ó wà nínàró síbẹ̀, eyín rẹ̀ sì hàn. Ẹ̀rù ba ọ̀tá. Wọ́n wò ó pé irú ọba wo ni èyí tí a ta lọ́fà tó báyìí tí kò ṣubú. Ìbẹ̀rù yìí ni ó tú wọn ká, ọwọ́ sì tẹ Lájọmọ fúnra rẹ̀. Láti ìgbà náà ni Òsì Ìwẹ̀fà ti ní ẹ̀tọ́ láti dúró nípò Aláàfin àti láti wọ aṣọ ọba nígbà tí ó bá yẹ.

Àwọn kan lè sọ pé ọba sá pamọ́, ìránṣẹ́ ni ó kú. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ènìyàn kì í gba aṣọ ikú wọ̀ nítorí ẹni tí ó ti ń halẹ̀ mọ́ ọn láti àárọ̀. Àjàńlápá mọ̀ pé bí òun bá kú, ọba yóò rántí ilé òun, ọba sì rántí rẹ̀. Nínú ìgbèkùn, ọba, ìjòyè àti ìwẹ̀fà wà nínú ọkọ̀ kan náà. Kò sí ẹni tí ó ní ìlú mìíràn tí yóò sá lọ. Mo rò pé èyí ni agbára Ìgbòho, ju ẹṣin àti ọfà lọ.

Abípa ni ó kó wọn padà sí Ọ̀yọ́-Ilé, ní nǹkan bí ọdún 1610. Àwọn ìjòyè tí ara ti tù ní Ìgbòho kò fẹ́ lọ, wọ́n sì rán àwọn ènìyàn kan ṣáájú láti ṣe bí iwin lórí òkè tí ọba ń lọ dó sí. Aláàfin rán ọdẹ lọ mú àwọn iwin náà. Òun ni a fi ń pè é ní Ọba Mọ́rọ̀, orúkọ yìí ni Dúró Ládiípọ̀ sì fi sọ eré tí ó gbé jáde ní Òṣogbo ní ọdún 1962. Olùkọ́ tí ó bá rí eré yẹn kà fún àwọn ọmọ kò ní kábàámọ̀.

Ní bí igba ọdún àti díẹ̀ lẹ́yìn náà, ogun kejì dé. Ìtàn bí Àfọ̀njá, Ààrẹ-Ọ̀nà-Kakaǹfò, ṣe kọ̀yìn sí Aláàfin ní Ìlọrin kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó ti ka ìwé ìtàn, nítorí náà n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í sábà gbọ́ ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ẹṣin. Àwọn ẹrú Haúsá ni wọ́n ń tọ́jú ẹṣin àti màlúù fún ọ̀pọ̀ àwọn ọlọ́lá Ọ̀yọ́. Àwọn ni ó mọ̀ ọ́n tọ́jú, àwọn ni ó sì mọ̀ ọ́n gùn. Nígbà tí Àfọ̀njá kéde pé ẹrú tí ó bá wá sọ́dọ̀ òun di òmìnira, wọ́n rọ́ lọ sí Ìlọrin. Lọ́jọ́ kan náà tí Ọ̀yọ́ pàdánù àwọn ènìyàn wọ̀nyí ni ó ti ń pàdánù ẹṣin. Ní nǹkan bí 1824, àwọn tí Àfọ̀njá kó jọ náà ni ó pa á, ọmọ Álímì sì di ọba Ìlọrin. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé Fúlàní nìkan ni ó wà lẹ́yìn Ìlọrin. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Yorùbá wà nínú ogun yẹn, bí wọ́n ṣe wà nínú ìlú náà títí di òní. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ìtàn yìí dá ìjà ẹ̀yà sílẹ̀ lónìí kò tíì kà á dé ìdí.

Ọ̀yọ́ gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan, ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kejì, ó ń ṣubú lulẹ̀. Nígbà tí Olúewu gorí oyè, Ìlọrin ránṣẹ́ pè é pé kí ó wá júbà. Ó lọ. Ìtàn Johnson sọ pé nígbà tí a ń lu ìlù ọba fún un níbẹ̀, wọ́n ní ọba méjì kì í wà nínú ìlú kan, wọ́n sì gba ìlù náà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ohun tí ìlù jẹ́ fún ọba Yorùbá mọ ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún ránṣẹ́ pè é lẹ́ẹ̀kejì, ó kọ̀ jálẹ̀. Ó mọ̀ pé kíkọ̀ yẹn túmọ̀ sí ogun, ó sì wá ẹni tí yóò ràn án lọ́wọ́.

Ọ̀dọ̀ àwọn Ìbàrìbá náà ni ó yíjú sí, àwọn tí baba ńlá rẹ̀ sá tọ̀ ní ìjọ́sí. Ọba wọn wá fúnra rẹ̀. Òun ni ìtàn wa ń pè ní Ẹlẹ́dùwẹ̀, òun sì ni àwọn onímọ̀ ń pè ní Sero Kpera, ọba Nikki, ìlú tí ó wà ní orílẹ̀-èdè Benin lónìí. Kì í ṣe ọmọ ogun díẹ̀ ni ó kó wá. Àwọn Ìbàrìbá mọ ẹṣin gùn, ọfà wọn sì lóró. Olúewu tún pe àwọn olórí ogun Yorùbá ti ìsàlẹ̀: Kúrunmí ti Ìjàyè, àwọn ará Ìbàdàn, àti Àtìbà tí ó wà ní Àgọ́-Ọjà. Ní nǹkan bí 1835 sí 1836, bí ẹ bá dúró lẹ́bàá ọ̀nà, ẹ ó rí àkójọ akọni tí irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n nínú ìtàn wa: ọba méjì, ọmọ ọba kan tí ó jẹ́ ọmọ bíbí Aláàfin Abíọ́dún, àti àwọn jagunjagun tí orúkọ wọn nìkan tó lé ọmọdé wọlé.

Ta wá ni olórí wọn? Níbí ni ọ̀rọ̀ ti dojú rú.

Lórúkọ, Aláàfin ni. Ní ayé àtijọ́, ìdáhùn yẹn ìbá tó. Àádọ́rin Ẹ̀ṣọ́ ni ó wà lábẹ́ àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì, olúkúlùkù mọ ẹni tí òun ń tẹ̀ lé, Kakaǹfò sì mọ ẹni tí ó rán òun. Ní ayé Olúewu, ètò yẹn ti fọ́. Àwọn ìlú tí Ẹ̀ṣọ́ ti ń wá ti tú. Àwọn olórí ogun tuntun kò gba agbára wọn lọ́wọ́ Aláàfin. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi gbà á. Ìbàdàn àti Ìjàyè kò ju ìlú ogun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbilẹ̀ lọ. Kò sì tíì pẹ́ tí díẹ̀ nínú àwọn akọni wọ̀nyí para pọ̀ pa Abẹ́mọ̀, ìlú akọni ẹgbẹ́ wọn, run. Ọ̀tá wà ní Ìlọrin, wọ́n ń fi ìdà wọn ge apá ara wọn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn Ìbàrìbá kò bọ́ ara wọn lọ́wọ́ ẹ̀gàn. Bí wọ́n ti ń kọjá, wọ́n ń kó oúnjẹ àti ẹrù àwọn ìlú tí wọ́n wá gbà là. Ogun àjèjì tí ń jẹ nínú oko ẹni, kí ni ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ti ọ̀tá lójú ìyá tí wọ́n kó àgbàdo rẹ̀ nínú àká? Ẹ̀sùn yìí wúwo lọ́rùn Olúewu, nítorí pé òun ni ó pè wọ́n.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó pa á ni ẹnu rẹ̀. Johnson kọ ọ́ pé ọba ti ń jẹ́ kí ó hàn pé bí òun bá ti parí Ìlọrin, òun yóò yíjú sí àwọn ìjòyè tí wọ́n ti ṣe tinú wọn. Ẹ gbé e yẹ̀ wò. Àwọn ènìyàn tí wọn yóò fi àyà wọn gba ọfà lọ́la ni ó ń sọ fún pé ọ̀tunla ni ti wọn. Ẹni tí ó bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn yóò ṣe ìṣirò: bí a bá ṣẹ́gun, mo gbé, bí a bá ṣubú, ó lè yè mí. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìjòyè kan, tí Àtìbà wà lára wọn, fohùn ṣọ̀kan ní ìkọ̀kọ̀. Lọ́jọ́ ìjà, wọ́n fà sẹ́yìn. Ọ̀tá rí ààyè gbà wọlé, ìyókù ogun tú, Aláàfin Olúewu àti ọba Ìbàrìbá sì bá ogun náà lọ.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ olùkọ́ a máa kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sójú pátákó níbí: ọ̀dàlẹ̀. Èmi kò jà sí i. Àdéhùn ìkọ̀kọ̀ lójú ogun, ọ̀dàlẹ̀ náà ni. Ṣùgbọ́n bí a bá dúró síbẹ̀, a ó ti fi ìbéèrè tí ó le jù sílẹ̀, ìyẹn ni pé kí ló dé tí ìdàlẹ̀ fi rọrùn tó bẹ́ẹ̀? Ní Ìgbòho, ìwẹ̀fà gba aṣọ ọba wọ̀. Níhìn-ín, ọmọ ọba ń wo aṣọ náà pé ìgbà wo ni yóò di tòun. Ọ̀tá kan náà kọ́ ni, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kan náà ni, olùrànlọ́wọ́ kan náà sì ni. Ohun tí ó yàtọ̀ wà láàárín olórí àti àwọn tí ń tẹ̀ lé e.

Ogun náà parí, Ọ̀yọ́-Ilé sì dahoro. Òkè-Ògùn ni ó gba ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó sá: Kìṣí, Ìgbòho àti Ṣakí kún fún ọmọ Ọ̀yọ́. Títí di òní, ẹ ó rí agbolé ní àwọn ìlú wọ̀nyí tí wọn yóò sọ fún yín pé Ọ̀yọ́-Ilé ni àwọn ti wá. Ahoro olú ìlú náà wà nínú Ọgbà Ìjọba Àpapọ̀ ti Ọ̀yọ́-Ilé, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1991 fún ìdáàbòbò ẹranko igbó. Ibi tí ọba ti ń gba ẹjọ́ di ibùgbé ẹfọ̀n.

Àtìbà jọba. Ó sọ Àgọ́-Ọjà di Ọ̀yọ́, òun sì ni Ọ̀yọ́ tí a mọ̀ lónìí. Kí a sọ òótọ́ nípa rẹ̀: ó mọ ohun tí Olúewu kò mọ̀. Kò gbìyànjú láti pàṣẹ fún ẹni tí agbára rẹ̀ ju tirẹ̀ lọ. Ó fi Olúyọ̀lé ti Ìbàdàn jẹ Baṣọ̀run, ó fi Kúrunmí ti Ìjàyè jẹ Kakaǹfò, ó sì pín iṣẹ́ fún wọn. Ìbàdàn yóò ṣọ́ àríwá àti ìlà-oòrùn. Ìjàyè yóò ṣọ́ ìwọ̀-oòrùn, èyí tí Òkè-Ògùn wà nínú rẹ̀. Olúkúlùkù wá ní ibi tí ó jẹ́ tirẹ̀ tí yóò jà fún.

Èso ìpín yẹn kò pẹ́ kí ó tó hàn. Ní nǹkan bí 1840, Ìlọrin dó ti Òṣogbo. Ìrànlọ́wọ́ Ìbàdàn kọ́kọ́ lọ díẹ̀díẹ̀, kò sì ká a. Lẹ́yìn náà ni Balógun Òdérìnlọ́ kó ogun tí ó tó ogun jáde. Baṣọ̀run Olúyọ̀lé jókòó sí ilé. Kò sí ọba méjì lójú ogun lọ́tẹ̀ yìí, kò sí ẹni tí ń bẹ̀rù ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí i bí a bá ṣẹ́gun. Òru ni wọ́n kọlu ibùdó Ìlọrin, nígbà tí ẹṣin wà ní ìso, nínú ilẹ̀ tí igbó rẹ̀ dí ju tiwa lọ. Ẹṣin tí ó jọba ní ọ̀dàn kò rí ibi sáré sí. Láti ọjọ́ yẹn ni ogun Ìlọrin kò ti lè sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀ bí ó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ará Òkè-Ògùn, ẹ má yọ̀ jù. Ẹni tí a ní kí ó ṣọ́ wa, Kúrunmí, ṣọ́ wa bí olóko ṣe ń ṣọ́ oko rẹ̀: òun náà ni ó ń kórè. Nígbà tí Àtìbà kú ní 1859, Kúrunmí kọ̀ láti gba Adélù ọmọ rẹ̀ ní Aláàfin, ní ìdí pé àṣà ni kí Àrẹ̀mọ bá baba rẹ̀ kú. Ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀, ó sì parí pẹ̀lú ìparun Ìjàyè ní oṣù kẹta ọdún 1862. Àwọn méjì tí Àtìbà fi ṣe odi ilẹ̀ Yorùbá ni ó wó ara wọn.

Fún ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan kún un nípa ibi tí ìtàn yìí ti ń wá. Johnson parí ìwé rẹ̀ ní 1897, ó kú ní 1901, ìwé náà sọnù, àbúrò rẹ̀ Obadiah ni ó tún un tò, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí ó kọ ni ó gbọ́ ní Ọ̀yọ́ tuntun àti ní Ìbàdàn, láàárín àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn tí ó fà sẹ́yìn. Ó yẹ kí a yìn ín pé ó kọ ọ̀rọ̀ ìdàlẹ̀ náà sílẹ̀ láìfi bò. Síbẹ̀, bí ọ̀rọ̀ ìhàlẹ̀ Olúewu ṣe pọ̀ tó nínú ìtàn yẹn, ẹ rántí pé òkú kò lè dá wọn lóhùn, àwọn tí ó pa á tì ni ó ní ìdí láti sọ pé ó ti halẹ̀ mọ́ àwọn.

Bí mo bá dé orí ẹ̀kọ́ yìí ní kíláàsì ẹ̀kọ́ gíga kejì, mo máa ń yan àwọn ọmọ láti dúró fún àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn: ẹnì kan fún Olúewu, ẹnì kan fún Àtìbà, ẹnì kan fún Kúrunmí, ẹnì kan fún ìyá àgbẹ̀ kan ní Ṣakí tí Ìbàrìbá kó àká rẹ̀, tí ó sì tún gba àwọn tí ó sá kúrò ní Ọ̀yọ́-Ilé sílé. Ẹni tí ó bá ń sọ ti Àtìbà ni ó sábà máa ń borí, nítorí pé àbájáde ogun gbè é. Àyàfi bí mo bá tún yan ẹnì kan sí i, láti dúró fún ọmọ ogun Nikki kan tí ó bá ọba rẹ̀ wá láti ọ̀nà jíjìn. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní kí ó bi ọmọ tí ó ń ṣe Àtìbà: bí ẹ kò bá fẹ́ kí a jà, kí ló dé tí ẹ jẹ́ kí a wá? Títí di àkókò yìí, kò tíì sí èyí tí ó dá a lóhùn nínú wọn tí ìyókù kíláàsì gbà.